Gbogbo Wọn Ní Kò Sí Wàhálà

Ohun tí ẹlòmíràn máa fi bírò kọ sínú ìwé, inú fóònù ni mo máa ń sọ ọ́ sí. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, màá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá sọ bó ṣe lọ, fóònù á sì kọ aago sí i lára. Ìdí nìyí tí mo fi lè to ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì ọdún 2024 padà láti ìdájí títí di alẹ́. Ọjọ́ náà ni mo káàkiri ọgbà yunifásítì láti béèrè ohun tí mo nílò kí n tó lè kọ́ ẹ̀kọ́ òfin bí àwọn ẹgbẹ́ mi. N kò ní dárúkọ yunifásítì ọ̀hún. Ti ìjọba ni, ilẹ̀ Yorùbá ló sì wà. Àwọn tí mo bá pàdé níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, èyí gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń bá mi lọ: kò sẹ́ni tó lé mi, kò sẹ́ni tó bú mi, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kí n padà sí yàrá lọ́wọ́ òfo.

Afọ́jú ni mí. Gíláúkómà ló gba ojú mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Bíréèlì ni mo fi kàwé dé WAEC, bíréèlì náà ni mo sì fi ṣe JAMB, lábẹ́ ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ti ń darí fún àwọn tí kò ríran láti ọdún 2017. Níbẹ̀, ìwé ìbéèrè tí ìka lè kà ni wọ́n gbé fún mi. Ohun tí JAMB ti bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ kí yunifásítì máa bá lọ.

Aago 5:20 ìdájí. Màmá mi pè. Ó béèrè bóyá mo ti jí, kò dúró gbọ́ èsì tó fi bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Nígbà tó ṣe àmín tán, ó ní: "Bí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kúnlẹ̀ dáadáa. Má bá àgbà jiyàn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú ọmọ, ìwà ọmọ náà ló máa kọ́kọ́ wò." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Mo ti gbọ́." Ọ̀rọ̀ àánú yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo to àpò mi. Ìwé tí dókítà ojú kọ wà níbẹ̀, ìwé ìgbaniwọlé wà níbẹ̀, férémù bíréèlì àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Mo fi fíláàṣì kékeré kan sí i, àti lẹ́tà olójú ìwé méjì tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀. Nínú lẹ́tà náà mo ní kí wọ́n gbà mí láyè láti máa gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀ ní kíláàsì. Mo ní kí wọ́n máa fi ìwé tí olùkọ́ bá fẹ́ pín ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tó lọ ṣe fótókọ́pì rẹ̀. Mo ní kí n máa fi kọ̀ǹpútà kọ ìdánwò nínú yàrá ọ̀tọ̀, pẹ̀lú àfikún àkókò. Lópin gbogbo rẹ̀ mo ní kí wọ́n gbé mi wá sí ìsàlẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì, nítorí òkè pátápátá ni ìbò gbé mi sí.

Aago 7:05. Mo di ìgúnpá ọmọ yàrá mi mú, mo sì fi ọ̀pá funfun yẹ ilẹ̀ wò níwájú. Ọ̀nà láti họ́sítẹ́ẹ̀lì sí fákọ́tì òfin ní gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò sì ní ìdérí. Ọkùnrin kan sáré wá, ó gba ọ̀pá mi mú lórí, ó ń fà mí lọ. Inú rere ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fa ọ̀pá mi, ó ti dí ojú tó kù fún mi nìyẹn. Mo dúpẹ́, mo gba ọ̀pá mi.

Aago 8:10. Ní ọ́fíìsì fákọ́tì, ìyá tó ń gba fọ́ọ̀mù bi ọmọ yàrá mi léèrè pé, "Kí lorúkọ rẹ̀? Ṣé ó lè buwọ́ lùwé?" Iwájú ìyá náà gan-an ni mo dúró sí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ bi. Mo ń gbọ́ yín dáadáa." Ohùn rẹ̀ rọ̀ lójú ẹsẹ̀: "Háà, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má bínú." Ó fi ìka mi sí ibi tí mo máa buwọ́ lù. Mo gbé etí káàdì ìdánimọ̀ mi sábẹ́ ibẹ̀ kí ìlà má baà wọ́, mo sì buwọ́ lù ú. Láti ìgbà náà, èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé igbákejì díìnì ló ní àṣẹ lórí irú lẹ́tà tèmi, pé kò ní dé kó tó di ọ̀sán, àti pé kí n ti kọ́kọ́ rí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, láíbìrì, àti ẹni tó ń bójú tó ìdánwò. "Kò sí wàhálà," ló fi parí rẹ̀. Àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Aago 9:00. Kíláàsì Legal Method, ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ náà mọ̀ ọ́n kọ́. Ó ń ya ètò ilé ẹjọ́ sójú pátákó láti orí Supreme Court wá sísàlẹ̀. Ó ní, "Eléyìí wà lábẹ́ eléyìí. Láti ibí, ẹjọ́ á gba ibí lọ síbí." Àwọn tó kù ń kọ ọ́. Mo ń gbọ́ ìró bírò pátákó bó ṣe ń ha, n kò sì mọ ilé ẹjọ́ tó ń jẹ́ "eléyìí".

Mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ti gba ohùn òun sílẹ̀ rí, ó gé e kúrú, ó sì gbé e sórí WhatsApp. Láti ìgbà náà òun kì í gbà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní, "Mo gbọ́ yín, sà. Mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí n sì buwọ́ lù ú pé n kò ní fún ẹnikẹ́ni." Ó rò ó díẹ̀. "Ti tìrẹ, kò sí wàhálà." Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó máa dárúkọ ohun tó bá ń nàka sí. Ó ní òun á gbìyànjú. Kò ná an ní nǹkan kan láti pe "eléyìí" ní Court of Appeal, ọmọ tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn tí kò rí pátákó dáadáa á sì jàǹfààní rẹ̀ pẹ̀lú.

Aago 10:35. Ẹ̀ka kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ akàndá ẹ̀dá. Àtẹ̀gùn wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó nínú kẹ̀kẹ́ arọ nísàlẹ̀, ó ń dúró de ẹni tó máa bá a gbé fọ́ọ̀mù wọlé. A kí ara wa. Ó ní ẹ̀kọ́ ìṣirò owó lòun ń kọ́. Òfin tó ka fífi akàndá ẹ̀dá sẹ́yìn léèwọ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti tún àtẹ̀gùn irú èyí ṣe. Ọdún 5 náà ti pé ní oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣì wà ní ìsàlẹ̀.

Ìyá tó wà nínú ọ́fíìsì náà fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ó hàn nínú ohùn rẹ̀. Ó mú ọwọ́ mi lọ sórí ẹ̀rọ tó ń tẹ bíréèlì. Ọ̀rá ni wọ́n fi bò ó. Abẹ́ ọ̀rá náà tutù, kò sí eruku, torí ó máa ń nù ún. Ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ tún un ṣe, ìwé nínípọn tó ń lò gbówó lórí gan-an. Ó ti kọ̀wé béèrè owó. Ó ní, "Bó bá ti ṣeé ṣe, ìwọ ni màá kọ́kọ́ pè, ọmọ mi. Kò sí wàhálà."

Aago 12:20 ọ̀sán. Láíbìrì òfin. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí ni iṣẹ́ lọ́yà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ yàrá mi gbé ọwọ́ mi lé orí Nigerian Weekly Law Reports, àkójọ ìdájọ́ tí Gani Fawehinmi dá sílẹ̀ ní ọdún 1985. Mo fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹpẹ dé òpin rẹ̀, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ ní pẹpẹ ìsàlẹ̀. Gbogbo ohun tí ilé ẹjọ́ wa ti sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, ìka mi kò sì lè ka ọ̀kan.

Mo béèrè bóyá mo lè máa ya àwòrán ojú ìwé tí mo bá nílò kí kọ̀ǹpútà lè kà á fún mi. Ìyá láíbìrì ní òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò gbà kí ènìyàn ya odindi orí ìwé. Ó tọ̀nà. Òfin tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ni ó ń ṣọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀?" Mo wá Copyright Act ti ọdún 2022 jáde lórí fóònù mi, mo dín ìyára ohùn rẹ̀ kù kí òun náà lè bá a lọ, mo sì jẹ́ kó ka abala tó dá lórí àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀. Àdéhùn kan tí wọ́n ṣe ní Marrakesh ní ọdún 2013, tí Nàìjíríà sì wọ̀ ní ọdún 2017, ló bí abala náà: a lè sọ ìwé di èyí tí afọ́jú lè kà láìkọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìyá náà ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó gba fóònù, ó fi ojú ara rẹ̀ kà á, ó sì pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́: "Ẹ jẹ́ kó máa lo ẹ̀rọ sikáánà. Bó bá wá, ẹ ràn án lọ́wọ́."

Nínú gbogbo ẹni tí mo tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá yìí nìkan ni kò sọ pé kò sí wàhálà. Ó sọ pé wàhálà wà, ó wo ohun tí òfin wí, ó sì ṣe é.

Sikáánà nìkan kò yanjú ọ̀rọ̀ o. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń fojú da lẹ́tà inú àwòrán mọ̀, ó sì máa ń ṣì í. Ní ọ̀sán náà a gbìyànjú ojú ìwé kan tó mẹ́nu ba abala 36 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, èyí tó sọ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu ènìyàn kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́. Kọ̀ǹpútà kà á ní 86. Abala 86 dá lórí yíyan olùyẹ̀wò àkáǹtì ìjọba àpapọ̀. Nínú ìwé ìtàn, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè má ba nǹkan jẹ́. Nínú ìwé òfin, ẹni tó bá gbé e lọ síwájú adájọ́ ti jìn sí kòtò. Ìdí tí mo fi ń béèrè fún ìwé olùkọ́ bó ṣe wà lórí kọ̀ǹpútà nìyẹn: èyí tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ tẹ̀, kò sí àwòrán nínú rẹ̀ tí ẹ̀rọ máa ṣì mọ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀ mo gbọ́ abala 42 ìwé òfin kan náà. Ó ka ẹ̀yà, ìlú, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn àti èrò òṣèlú sílẹ̀ bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fi ọmọ Nàìjíríà sẹ́yìn. Kò dárúkọ àìríran. Kò dárúkọ arọ tàbí odi. Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí láti gbọ́ ọ níbẹ̀, láàárín gbogbo ìwé wọ̀nyẹn. Nítorí rẹ̀ ni n kò fi lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú òfin ti ọdún 2019: òun ló dárúkọ wa.

Aago 2:15. Àmàlà àti ewédú, omi tútù. Màmá mi tún pè. Mo ní ó ń lọ dáadáa.

Aago 3:00. Olùkọ́ tó ń bójú tó ìdánwò kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò tí wọn kì í sọ: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹni tí kò ríran ṣe máa ṣe ẹjọ́?" N kò bínú, torí ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀. Mo sọ fún un nípa Zak Yacoob, ẹni tí kò ríran láti kékeré, tó jẹ́ adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ń túmọ̀ ìwé òfin orílẹ̀-èdè South Africa láti 1998 sí 2013. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó wá ní yàrá wà, táípúráítà wà, akẹ́kọ̀ọ́ kan ti lò ó jáde níbí, kò sí wàhálà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ yẹn ti bá mi sọ̀rọ̀ kí n tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ó sọ bí ríbọ́ọ̀nù ṣe gbẹ mọ́ òun lọ́wọ́ nínú ìdánwò kan: òun ń tẹ̀, ẹ̀rọ ń ró, ìwé ń jáde, lẹ́tà kò sì sí lójú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ òun kò wò ó. Òfìfo ìwé lòun fi sílẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó tún un kọ nígbẹ̀yìn, àmọ́ ẹ fojú inú wo bí ara rẹ̀ ṣe rí kó tó di ìgbà náà. Bí ríbọ́ọ̀nù bá tilẹ̀ pé, afọ́jú kò lè padà ka ohun tó ti tẹ̀ sórí táípúráítà. Bí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn nígbà tó wà láàárín gbólóhùn, tó sì gbàgbé ibi tó dé, ó parí nìyẹn. Ìbéèrè òfin sì máa ń gba kí ènìyàn padà sókè, kó wo ohun tó ti sọ ní ìpínrọ̀ kejì, kó má baà ta ko ara rẹ̀ ní ìkarùn-ún.

Mo ní kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́. Ojora mú un: bí n bá tọ́jú èsì sínú rẹ̀ ńkọ́? Bí n bá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ìbéèrè tó yẹ kó béèrè nìyẹn, mo sì ti ronú sí i. Mo yọ fíláàṣì mi. NVDA ló wà nínú rẹ̀, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè. Michael Curran ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Australia ní ọdún 2006, James Teh sì dara pọ̀ mọ́ ọn; ọ̀dọ́ tí àwọn náà kò ríran ni àwọn méjèèjì, ọ̀fẹ́ sì ni ètò náà. Láti orí fíláàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́, a kò ní láti fi nǹkan kan sínú kọ̀ǹpútà. "Ẹ lo kọ̀ǹpútà ti fákọ́tì fúnra rẹ̀, sà. Ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó jókòó." A dán an wò níbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Nígbà tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní òun fọwọ́ sí i, tí igbákejì díìnì bá ti fọwọ́ sí i.

Aago 4:10. Mo pa fóònù mi kí n tó wọlé. Ohun tí mo sọ níbí, orí ni mo fi gbé e jáde.

Igbákejì díìnì ka lẹ́tà mi. Mo gbọ́ bó ṣe ṣí ojú ìwé kejì, tó sì padà sí ti àkọ́kọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, o ṣe dáadáa. Kò sí wàhálà. Màá bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Máa lọ jókòó ti ìwé rẹ."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi kọ ọ́ sílẹ̀?"

Ó dákẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó ti yàtọ̀. "Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò tó ọ ni?"

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá á mọ ohun tó wúwo lórí mi ní ìṣẹ́jú yẹn. Àgbà ti sọ pé òun á ṣe é. Ọmọdé wá ń béèrè ìwé, bí ẹni pé ó ń yá a lówó. Ohùn Màmá mi wà létí mi: má bá àgbà jiyàn. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá dìde pẹ̀lú ọpẹ́ nìkan, olùkọ́ tó bá wá lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní mọ nǹkan kan nípa àdéhùn wa, àtẹ̀gùn kan náà ni màá tún máa gùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ òfin náà sórí: ẹni tó bá fi akàndá ẹ̀dá sẹ́yìn lè san 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6. N kò kà á fún un. Baba tó ti ní òun á ràn mí lọ́wọ́ kọ́ ni mo máa fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù bà.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ yín tó mi, sà. Ẹ̀yin ni mo mọ̀. Ẹni tó máa jókòó sórí àga yìí lẹ́yìn yín ni n kò mọ̀, ọdún 5 sì ni ẹ̀kọ́ yìí."

Ó gbé bírò rẹ̀ lé tábìlì. Ó ní kí n dìde, kí n jókòó. Lẹ́yìn náà ó pe akọ̀wé rẹ̀ pé kó gbé ìwé tó ní orúkọ fákọ́tì lórí wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é fún un, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn.

Aago 5:15. Iná lọ kí lẹ́tà tó jáde. Àkókò tí akọ̀wé náà máa lọ sílé ti kọjá, bọ́ọ̀sì inú ọgbà tó máa ń wọ̀ ti lọ, kò sì dìde. Ó ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Mo gbọ́ ìró òǹtẹ̀ lára ìwé, ẹ̀ẹ̀mejì: ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún fáìlì. Mo fẹ́ kí ìyá akọ̀wé náà mọ̀, bó bá ka èyí, pé mo ń rántí rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àṣẹ lọ́wọ́ lọ.

Aago 8:50 alẹ́. Mo tẹ́ lẹ́tà náà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé fóònù lé e lókè, mo sì gbọ́ ọ fúnra mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n gbà kí n máa gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní kí olùkọ́ máa fi ìwé wọn ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n gba kọ̀ǹpútà, wọ́n gba yàrá ọ̀tọ̀, wọ́n fi ìṣẹ́jú 20 kún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì kò sí nínú rẹ̀, torí kò sí lábẹ́ fákọ́tì. Ìlà tó gbẹ̀yìn wá sọ pé fákọ́tì ṣe gbogbo èyí láti inú àánú, fún sáà ẹ̀kọ́ 2023/2024 nìkan.

Mo ní kó tún ìlà náà kà. Ọmọ yàrá mi gbọ́ ọ, ó ní, "Ṣé o tún fẹ́ padà lọ bá wọn ni? Wọ́n mà ti ṣe é fún ẹ." Mo ní fún ọdún kan ni wọ́n ṣe é. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọdọọdún ni màá máa padà wá kúnlẹ̀, ọdún tí àánú bá sì tán, ìdánwò kò ní dúró dè mí.

Ó jókòó tì mí. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo kọ ojú ìwé kan ṣoṣo sí igbákejì díìnì. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́, tọkàntọkàn sì ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yọ sáà kan ṣoṣo yẹn kúrò, kó fi "títí yóò fi parí LL.B" sípò rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dárúkọ òfin ọdún 2019 bí ìdí tí wọ́n fi ṣe é, mo sì kọ orúkọ òfin náà ní kíkún kó má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a. Ọmọ yàrá mi bá mi yẹ ojú rẹ̀ wò, ó ní àlàfo tó wà láàárín déètì àti orúkọ ti pọ̀ jù. Mo tún un ṣe. A fi àdéhùn sí i pé aago 7:30 la máa dé ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì, kí a lè gbé e dé ọ́fíìsì fákọ́tì kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀.